Igi Kan Péré Lókè Àjà

Igi kan wà lókè àjà ilé mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò nípọn ju 35 mìlímítà lọ, gíga rẹ̀ kò sì ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ayùn ọwọ́ lásán yóò gé e láìpẹ́. Irú rẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ láti ìpẹ̀kun ilé kan dé èkejì, ṣùgbọ́n òun nìkan ló dúró gan-an sí ibi tí mo fẹ́ kí ẹnu àjà fẹ̀ dé. Gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gé e. Ìkìlọ̀ náà kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn: bí igi tó pọ̀ tó báyìí bá jọ ń gbé òrùlé kan, kí ló dé tí òrùlé náà kò fi lè fara da àìsí ẹyọ kan?

Milton Keynes ni à ń gbé, ìlú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1967, tí púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìgbà tí àwọn káfíńtà ti jáwọ́ nínú gígé igi òrùlé lójú ibi ìkọ́lé. Tiwa jẹ́ ti àwọn ọdún 1980. Ihò tí wọ́n dá sí àjà fún wa fẹ̀ tó nǹkan bí 560 mìlímítà níbùú, ó sì gùn tó nǹkan bí 720 lóròó. Àpótí ìrìnàjò gba ibẹ̀ bí a bá dà á dúró, ṣùgbọ́n kúlà ńlá tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ síbi àríyá kò gba ibẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ìkòkò irin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń yá lọ́wọ́ ara wọn nígbà ìnáwó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwọn ọmọ tó lè gba inú ihò náà kọjá wẹ́rẹ́ kò lè gbé ẹrù, èmi tí mo sì lè gbé ẹrù, èjìká mi kì í gba ibẹ̀ bí ẹrù bá wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n gun òkè lọ

Káfíńtà tí mo pè jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó ti kan òrùlé nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá máa ṣe iṣẹ́ igi níhìn-ín. Mo pè é nítorí pé ojú rẹ̀ ti rí òrùlé ilẹ̀ méjèèjì. Kí ó tó dé, mo ti fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ihò náà ká lára àjà, mo sì ti sàmì sí ibi tí igi náà gbà kọjá lókè. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé a óò gé e, a óò fi igi méjì dábùú láti gba ojú ibi tí a gé mú, a óò sì kan wọ́n mọ́ igi tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, irú èyí tí mo gbé yàrá kan nínú rẹ̀ ní Peckham, ní London, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Igi àjà irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ nípọn, ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, káfíńtà tó mọṣẹ́ sì lè dá ẹnu tuntun sí i láìsí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n gba inú ihò náà wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Èmi dúró lórí àkàsọ̀, orí mi wà lókè àjà, ìyókù ara mi wà nísàlẹ̀. Mo rò pé igi tí mo sàmì sí ni yóò kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n kò wò ó. Oríta tí àwọn igi ti pàdé ló tan iná sí, níbi tí irin pẹlẹbẹ kan wà ní ìhà méjèèjì, irin tó kún fún eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ wọnú igi títí kò fi sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ó fi èékánná ha etí irin náà. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí oríta mìíràn, ó wò ó bákan náà, ó tún wo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé iye tó fẹ́ gbà ló ń ṣírò.

“Àbúrò, ìwọ lo fa ìlà tó wà nísàlẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Nílé, bí mo bá ń kan òrùlé, ibi tí igi kan bá tó, méjì ni mo máa ń fi síbẹ̀, torí n kò mọ ohun tí onílé máa gbé kà á lọ́la. Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ pé ọ̀kan tó, ọ̀kan náà ló sì fi síbẹ̀. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún èmi àti ìwọ láti gé.”

Mo bi í léèrè bóyá a kò lè kan igi mìíràn tì í. Ó ní a lè kàn án tì í, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún òun pé ohun tí òun kàn tó? “Ìṣó ni mo mọ̀,” ni ó wí. “Ìṣirò ni ẹni tó ṣe èyí fi kàn án.” Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó dá ayùn rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì ní kí n lọ wá ẹnjiníà. Òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ lé iṣẹ́ lọ kò wọ́pọ̀, pàápàá ní ìlú tí owó ilé ń lé gbogbo wa kiri. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ojú tí ó fi wo irin eléyín yẹn ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè tí mo ń béèrè láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kò dúró dáadáa. Mo ń bi ara mi pé igi mélòó ló wà lókè. Ohun tí òun béèrè ni irú iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe.

Okùn ni, kì í ṣe òpó

Truss ni wọ́n ń pe àkànpọ̀ igi tó gbé irú òrùlé yìí ró, onígun mẹ́ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Igi méjì dà gẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó òrùlé wá sórí ògiri méjèèjì, igi kan nà tọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀ tí wọ́n kan àjà mọ́ ìdí rẹ̀, igi kéékèèké mẹ́rin sì to ara wọn láàárín ní àwòrán lẹ́tà W. Albert Fink, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ẹnjiníà fún àwọn ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ní 1854 fún ètò tó fi ń gbé afárá ró. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára truss oní-W yìí títí dòní. Irin eléyín ní tirẹ̀ ti àárín àwọn ọdún 1950 wá, nígbà tí J. Calvin Jureit ṣe é ní Miami, ó sì dé ilẹ̀ Britain ní àwọn ọdún 1960. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ òrùlé ti ń kúrò lọ́wọ́ káfíńtà ojú ibi ìkọ́lé bọ́ sí ilé iṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tẹ irin mọ́ igi, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó truss lọ sí ojú ilé ní ṣíṣe tán.

Mo jókòó ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Táìlì kọnkéré tó bo irú ilé wa wúwo tó nǹkan bí 50 kílò lórí gbogbo ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí ilé bá fẹ̀ tó mítà méje láti ògiri dé ògiri, tí òrùlé rẹ̀ dà ní ìwọ̀n 30 dígírì, tí àwọn truss rẹ̀ sì fi 600 mìlímítà jìnnà síra, táìlì tí truss kọ̀ọ̀kan ń rù yóò tó 240 kílò, kí òjò dídì tó bọ́ sórí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó tì í. Ẹrù yìí kò kàn ń tẹ ògiri mọ́lẹ̀ nìkan. Ó ń fẹ́ ti ìdí igi gẹ̀rẹ̀ méjèèjì síta. Bí ènìyàn méjì bá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ara wọn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí àwọn méjèèjì sì fì síwájú, okùn tí a so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn ni kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn sá padà sẹ́yìn. Okùn yẹn ni igi ìsàlẹ̀ truss, òun náà sì ni igi tí mo fẹ́ gé. Àjà tí wọ́n kan mọ́ ọn ni ó jẹ́ kí ó jọ igi tó wà fún gbígbé pákó àjà nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé òòfà tó ń fà á láti ìhà méjèèjì, ti táìlì nìkan, kò dín ní 100 kílò ní irú ilé yìí.

Ẹni tó bá gé e lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Ẹrù truss tí a gé yóò gba ara igi táìlì lọ sọ́dọ̀ truss ọ̀tún àti truss òsì, àwọn tí kò sí ẹni tó ṣe ìṣirò ẹrù aládùúgbò mọ́ tiwọn. Òrùlé yóò máa tẹ̀ síbi kan díẹ̀díẹ̀, orí ògiri yóò máa sún síta, àjà yóò sì máa sán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n nínú truss, kò sí ọwọ́ tó wá síbẹ̀ fún àfikún.

Ìjì nílé, ìwúwo níhìn-ín

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa igi méjì síbi tí ọ̀kan tó ṣì ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, nítorí pé mo mọ bí àwọn kan yóò ṣe gbọ́ ọ: wọn yóò ní àwọn káfíńtà wa kò mọ ìṣirò ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn 0.55 mìlímítà, èyí tó wọ́pọ̀ lórí ilé tuntun ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, kò tó kílò méjì lórí mítà kan níbùú lóròó. Fi í wé 50 kílò táìlì kọnkéré. Káfíńtà ilé kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù pé òrùlé yóò wó lulẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí i lọ. Nítorí náà, dídè ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń de igi mọ́ ògiri, ó ń de igi mọ́ igi, ó sì ń kan ìṣó lé ìṣó.

Igi tó ń lò pàápàá ń sọ ìdí mìíràn. Pákó oní-méjì-sí-mẹ́rin tí a rà ní ọjà pákó Bódìjà lè jẹ́ igi líle, ó sì lè jẹ́ arère. Ó lè gbẹ, ó sì lè ṣì tutù. Ọ̀kan lè tọ́, kí èkejì sì wọ́. Ojú àti ọwọ́ káfíńtà ni òṣùwọ̀n. Igi truss ti ilẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dán agbára rẹ̀ wò, tí wọ́n á sì tẹ àmì TR26 sí i lára, kí ẹni tó ń ṣírò lè mọ ohun tó lè gbé. Ẹni tí kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀, tó sì fi igi méjì síbi tí ọ̀kan tó, ìṣirò lòun náà ṣe. Ó fi àìmọ̀ kún iye tó ń rò ni.

Ìbéèrè ẹnjiníà

Obìnrin ni ẹnjiníà tó wá wo òkè àjà wa. Ó wo truss, ó wọn àlàfo, ó wo àwọn igi tó dábùú lẹ́yìn truss láti mú kí gbogbo wọn dúró ṣinṣin, lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ohun tí a fẹ́ máa kó síbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ihò la wá sọ. Mo kà á fún un: àpótí, kúlà, ìkòkò, àwọn báàgì Ghana-must-go tó kún fún aṣọ tí à ń kó jọ ránṣẹ́ sílé.

Ó ní ìṣirò irú òrùlé wa ka ẹrù orí àjà sí 25 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó, pẹ̀lú ìwúwo ènìyàn kan tó lè tẹ ibi kan mọ́lẹ̀ nígbà tó bá gun òkè lọ. Gbogbo ẹni tó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó rí ló mọ 23 kílò. Àpótí ìrìnàjò kan ṣoṣo tó kún dé ìwọ̀n yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀tọ́ mítà kan tán, ká má tíì sọ àpótí tí a gbé ka àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀, pé ihò kékeré yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ oníbodè láti àwọn ọdún 1980. Ohun tí kò gba ibẹ̀ kọjá kò lè wúwo lé igi lórí. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, mo ti lé oníbodè lọ, èmi fúnra mi ni n óò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe pé a kò lè gé truss rárá. Àwọn tó ń sọ òkè àjà di yàrá ń gé e, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹnjiníà bá ti ya àwòrán igi tàbí irin tí yóò gba ẹrù náà, tí wọ́n bá ti fi òpó irin gbé òrùlé dúró, tí Building Control, ọ́fíìsì tó ń rí sí i pé ilé kíkọ́ bá òfin mu, sì ti mọ̀ sí i. Ẹni tó bá gé e ní bòókẹ́lẹ́ yóò rí ìdààmú lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ilé. Nítorí ihò tí kúlà fẹ́ gbà, ìnáwó náà kò bójú mu.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìbú ni mo ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀, òró ló sì ṣí sílẹ̀. Láàárín truss kan àti èkejì, àlàfo jẹ́ 565 mìlímítà, a kò sì lè fi ohunkóhun kún un. Ṣùgbọ́n ní ìhà tí igi náà nà sí, ohun tó dí ihò náà kò ju igi kúkúrú kan lọ tó dábùú láàárín truss méjì láti gba etí àjà mú. Ìyẹn kò ru òrùlé. A lè yọ ọ́, kí a sì gbé òmíràn síwájú, ihò náà yóò sì gùn ju mítà kan lọ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan truss. Kúlà tí kò gba ibẹ̀ ní òòró yóò gbà á ní ìbúlẹ̀. Ìkòkò ńlá kò ní gbà á síbẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju 565 lọ. Inú ṣẹ́ẹ̀dì ló yẹ ẹ́.

Iṣẹ́ náà

Ẹ̀gbọ́n ló padà wá ṣe é, ohun tó sì gba àkókò jù kì í ṣe igi. Kí a tó gé àjà, a kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú ọ̀dà gbágungbàgun tí wọ́n fi kun ún ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, nítorí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ kí wọ́n tó fòfin de asbestos pátápátá ní Britain ní 1999 lè ní in nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èsì jáde pé kò sí. A ká òwú tó ń pa ooru mọ́ kúrò láti wo ibi tí wáyà iná gbà kọjá. Igi dídábùú tuntun wọlé pẹ̀lú irin ìdìmú ní ìhà méjèèjì, láìgbẹ́ ihò tàbí ojú kankan sára truss.

Ìdérí ihò náà ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Bí rọ́bà kò bá yí etí rẹ̀ ká kí ó dí pa, ooru àti ọ̀rinrin láti ilé ìdáná yóò máa gba ibẹ̀ gòkè, yóò sì di omi lára aṣọ tó wà lábẹ́ táìlì nígbà òtútù, igi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. A fi òwú líle sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Òwú orí àjà fúnra rẹ̀ yẹ kí ó nípọn tó 270 mìlímítà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dámọ̀ràn níhìn-ín, èyí tó ga ju igi truss lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ pákó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e lé ẹsẹ̀, kí ó má baà tẹ òwú náà pa.

A ra ilé, a kò ra ìṣirò

Àwọn ará wa níhìn-ín fẹ́ràn láti máa pe àwọn ilé wọ̀nyí ní ilé páálí. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ igi yìí, n kò lè sọ ọ́ mọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, nítorí pé òrùlé tó fi igi tí kò nípọn ju 35 mìlímítà lọ gbé táìlì kọnkéré fún ogójì ọdún kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́tàn. Ó lo igi díẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ohun tí mo ní lòdì sí i kò sí lára igi náà rárá.

Nígbà tí a ra ilé yìí, wọ́n kó ìwé fún wa títí ó fi sú wa: ìwé ilẹ̀, ìwé gáàsì, ìwé iná, ìwé ìwọ̀n bí ilé ti ń pa ooru mọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó fún wa ní àwòrán truss, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé ẹni tó ta ilé fún wa rí i sójú rí. Igi náà wà níbẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Káfíńtà ilé lè kú, kí onílé sì kú, kí àwọn ọmọ wá máa gé igi kiri. Igi kejì tó fi síbẹ̀ yóò ṣì máa dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àìmọ̀ wọn. Òrùlé tí kò ní igi kejì nílò nǹkan mìíràn láti rọ́pò rẹ̀, n kò sì rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ ju ìwé lọ. Àwọn tó ta irú òrùlé yìí fún ayé kó èrè àìlo igi púpọ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìrántí sílẹ̀ fún àwọn onílé láìsọ fún wọn. Mo rò pé ó yẹ kí òfin mú ìwé truss mọ́ ilé bí ó ti mú ìwé gáàsì. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilé yìí kò ṣàṣejù bó bá béèrè lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò ilé bóyá ẹnikẹ́ni ti gé ohunkóhun lókè àjà.

Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà ẹnjiníà náà sínú ọ̀rá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí ihò, ní ibi tí ẹni tó bá gòkè kò lè ṣe kó má rí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ìwọ̀n ihò náà nísinsìnyí, ọdún tí a sún igi dídábùú, 25 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó, àti pé igi tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ihò náà kì í ṣe ti gígé, kì í ṣe ti lílu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti gbígbẹ́.